Benjamin Franklin, Ọkùnrin Tí Ó Fi Ìwé Pélébé To Iṣẹ́ Ọjọ́ Rẹ̀



Ní àárọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, iṣẹ́ ti ń dúró dè yín. Oko wà láti ro. Ọjà wà láti ná. Ọmọ wà tí ẹ ó wẹ̀ kí ó tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ẹnì kan ń retí owó àjọ. Ẹlòmíràn ń retí yín níbi ìnáwó. Nígbà tí ó bá di alẹ́, ẹ ti rìn, ẹ ti làágùn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ṣe pàtàkì jù lọ ṣì wà nílẹ̀. Kí ni ó fa èyí? Kì í ṣe ọ̀lẹ. Gbogbo iṣẹ́ ni ó ń pè wá lẹ́ẹ̀kan náà, a kò sì mọ èyí tí a ó kọ́kọ́ dá lóhùn. Àwọn àgbà wa ti wí pé ẹni tí ó bá ń lé eku méjì yóò pòfo.

Ìtàn tí a fẹ́ sọ fún yín nínú ìwé yìí ni ìtàn ọkùnrin kan tí ó bá ìṣòro yìí wọ̀yá ìjà ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Benjamin Franklin ni orúkọ rẹ̀. Ó wà lára àwọn tí ó dá orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà sílẹ̀. Ohun ìjà rẹ̀ kò ju ìwé pélébé kan àti ohun ìkọ̀wé lọ. Ohun méjèèjì yìí wà lọ́wọ́ yín lónìí. Nítorí náà, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn rẹ̀.

1. Ọmọ ẹni tí ń ṣe àbẹ́là

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1706 ni a bí Benjamin ní ìlú Boston, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní àkókò náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń ṣe àkóso ibẹ̀. Josiah ni orúkọ bàbá rẹ̀, Abiah ni orúkọ ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ ọṣẹ àti àbẹ́là ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Ọ̀rá ẹran ni wọ́n ń yọ́ láti fi ṣe é. Ọmọ 17 ni Josiah bí. Benjamin ni ó ṣe ìkẹẹ̀ẹ́dógún, òun sì ni àbíkẹ́yìn nínú àwọn ọmọkùnrin.

Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 8, bàbá rẹ̀ fi í sí ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu tí ó ń jẹun nínú ilé pọ̀, owó kò sì tó. Nígbà tí ọmọ náà di ọmọ ọdún 10, bàbá rẹ̀ mú un kúrò. Ọdún méjì péré ni ó lò ní ilé ẹ̀kọ́. Ó mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n ìṣirò kò wọ orí rẹ̀ rárá. Láti ìgbà náà, ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀ ni ó wà tí ó ń gé òwú àbẹ́là.

Ẹ gbọ́ o, ọdún méjì péré. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ọjọ́ ti lọ, pé ẹni tí kò pẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ kò lè mọ̀wé mọ́, ẹ rántí ọmọ yìí.

Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 12, wọ́n fi í sí ọ̀dọ̀ James ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ ìwé títẹ̀. Ìwé àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí wí pé yóò sìn títí yóò fi pé ọmọ ọdún 21. Ilé ìtẹ̀wé ni ó ti rí ìwé púpọ̀. Nígbà mìíràn, ó máa ń yá ìwé kan ní ìrọ̀lẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ dá a padà ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Yóò jókòó kà á di ọ̀gànjọ́ òru.

Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 16, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe àdéhùn kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń san owó oúnjẹ rẹ̀ fún ilé tí wọ́n ti ń jẹun. Benjamin ní kí ó kó ìdajì owó náà lé òun lọ́wọ́, òun yóò máa bọ́ ara òun. Ó jáwọ́ nínú ẹran jíjẹ. Búrẹ́dì díẹ̀ àti omi tó o. Nínú ìdajì tí ó gbà, ó tún fi ìdajì pamọ́, ó sì fi ra ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni èrè rẹ̀ di méjì: ó rí owó, ó sì rí àkókò. Nígbà tí àwọn yòókù bá lọ jẹun ọ̀sán, òun nìkan ni ó máa ń kù sí ilé iṣẹ́ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Láàrin àkókò ọ̀sán yìí ni ó kọ́ ara rẹ̀ ní ìṣirò tí olùkọ́ kò rí kọ́ ọ.

2. Ó sá kúrò nílé

Àárín tẹ̀gbọ́n tàbúrò kò gún. James máa ń lù ú. Ní ọdún 1723, nígbà tí Benjamin jẹ́ ọmọ ọdún 17, ó sá kúrò ní Boston. Ó kọ́kọ́ dé New York, kò rí iṣẹ́. Ó tún kọjá lọ sí Philadelphia. Aṣọ rẹ̀ dọ̀tí, ebi ń pa á, kò sì mọ ẹnikẹ́ni. Ó ra búrẹ́dì ńlá mẹ́ta. Ó jẹ ọ̀kan, ó sì fi méjì yòókù fún obìnrin kan àti ọmọ rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Deborah Read dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀, ó rí i tí ó ń kọjá, ìrísí rẹ̀ sì pa á lẹ́rìn-ín. Deborah yìí ni ó wá di aya rẹ̀ ní ọdún 1730.

Benjamin rí iṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé. Gómìnà ibẹ̀ rí i pé ọ̀dọ́mọkùnrin náà já fáfá. Ó ṣe ìlérí pé kí ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, pé òun yóò kọ lẹ́tà tí yóò fi rí owó gbà níbẹ̀. Ní ọdún 1724 ó wọ ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí ó dé ọ̀hún, kò sí lẹ́tà, kò sí owó. Ìlérí asán ni. Ó ní láti wá iṣẹ́ ṣe ní ìlú àjèjì. Ó ṣe é, ṣùgbọ́n owó tí ó ń rí, ó ń ná an sí eré ìtàgé àti fàájì. Nǹkan bí ọdún kan àbọ̀ kọjá, kò sì ní ohun kan tí ó lè nàka sí.

3. Ètò tí ó ṣe lórí òkun

Ní ọdún 1726 ó wọkọ̀ padà sílé. Ọmọ ogún ọdún ni. Ó lé ní oṣù méjì tí wọ́n fi wà lórí òkun, nítorí náà ó ní àyè láti ronú. Ó wo ẹ̀yìn wò, ó rí i pé òun kò ṣe ètò kankan fún ìgbésí ayé òun rí. Bí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ni òun ń lọ.

Ó mú ìwé, ó sì kọ ètò sílẹ̀. Ó pinnu láti ṣọ́ owó ná títí yóò fi san gbogbo gbèsè rẹ̀. Ó pinnu láti sọ òtítọ́, kí ó má sì ṣèlérí ohun tí kò lè mú ṣẹ. Ó pinnu láti tẹra mọ́ iṣẹ́ tí ó bá dáwọ́ lé, kí ó má fi í sílẹ̀ lọ sáré owó òjijì. Ó sì pinnu pé òun kò ní sọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni ní àìdáa lẹ́yìn.

Ẹ kíyè sí i pé kò fi ètò yìí sínú ọkàn lásán. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Ohun tí ó wà nínú ọkàn nìkan, ọ̀rọ̀ ọ̀la yóò bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tí a kọ sílẹ̀ ni a lè padà wò.

4. Ilé ìtẹ̀wé tirẹ̀

Ní ọdún 1728, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan dá ilé ìtẹ̀wé tiwọn sílẹ̀ ní Philadelphia. Owó ẹlòmíràn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, gbèsè sì wà lọ́rùn wọn. Ní ayé ìgbà náà, ọwọ́ ni a fi ń to lẹ́tà òjé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí a tó tẹ ojú ìwé kan. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, Benjamin ti parí iṣẹ́ ọjọ́ náà, ó fẹ́ lọ sùn. Lójijì, ọ̀kan nínú ohun tí ó tò fọ́, ojú ìwé méjì sì tú ká. Kò fi í di ọ̀la. Ó tún gbogbo rẹ̀ tò kí ó tó lọ sùn. Àwọn aládùúgbò rí iná rẹ̀ ní òru, wọ́n sì ròyìn rẹ̀ fún àwọn oníṣòwò. Báyìí ni àwọn ènìyàn ṣe fọkàn tán an.

Ní ọ̀sán, ó máa ń ra bébà, yóò kó o sínú ọmọlanke, yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì í la ìgboro kọjá. Kò tijú. Ní ọdún 1729 ó ra ìwé ìròyìn kan. Ní ọdún 1732 ó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìwé kàlẹ́ńdà ọdọọdún tí àwọn àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ ń rà, èyí tí ó tà fún ọdún 25. Ó san gbèsè rẹ̀ tán.

Kì í ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ nìkan ni ó ń ṣètò. Láti ọdún 1727 ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń pàdé ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan láti jíròrò. Ní ọdún 1731 wọ́n da owó jọ, wọ́n sì dá ilé ìkàwé sílẹ̀ tí ènìyàn lè ti yá ìwé. Ní ọdún 1736 wọ́n dá ẹgbẹ́ panápaná sílẹ̀. Olúkúlùkù ẹgbẹ́ náà gbọ́dọ̀ ní garawa aláwọ nílẹ̀ kí iná tó ṣẹ́ yọ. Ètò nìyẹn. A kì í dúró di ìgbà tí òrùlé bá ń jó kí á tó wá garawa.

5. Ìwé pélébé ìwà mẹ́tàlá

Lẹ́yìn ọdún 1730, Benjamin gbèrò ohun ńlá kan. Ó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ gbogbo ìwà tí kò dára. Ó rò pé kò le. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń ṣọ́ ìwà kan, òmíràn yóò yọjú lẹ́yìn rẹ̀. Ó rí i pé èrò rere nìkan kò tó, ó yẹ kí ọ̀nà wà.

Ó kọ orúkọ ìwà 12 sílẹ̀. Ó wá fi wọ́n han ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Ọ̀rẹ́ náà sọ fún un láìfi bò pé agbéraga ni àwọn ènìyàn kà á sí. Benjamin kò bínú. Ó fi ìrẹ̀lẹ̀ kún un, ó di 13. Àwọn ìwà náà nìyí: ìwọ̀ntúnwọ̀nsì nínú oúnjẹ àti ọtí, àìsọ̀rọ̀jù, ètò, ìpinnu, ìṣọ́wóná, iṣẹ́ àṣekára, òtítọ́, òdodo, àìṣàṣejù, ìmọ́tótó, ìfọ̀kànbalẹ̀, ìwà mímọ́ láàrin ọkùnrin àti obìnrin, àti ìrẹ̀lẹ̀.

Ó wá ṣe ìwé kékeré kan. Lórí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ó fa àtẹ. Ọjọ́ méje ọ̀sẹ̀ wà ní òkè, ìwà 13 wà ní ẹ̀gbẹ́. Ní alẹ́, yóò ro ohun tí ó ṣe ní ọjọ́ náà. Ibi tí ó bá ti ṣìnà, yóò fi àmì dúdú kékeré síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò dojú kọ ìwà 13 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìwà kan ni ó máa ń mú ní ọ̀sẹ̀ kan. Ìyẹn ni yóò ṣọ́ lójú méjèèjì, yóò sì kàn máa sàmì sí ti àwọn yòókù. Ọ̀sẹ̀ 13 ni yóò fi yí i ká. Nínú ọdún kan, yóò yí i ká lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ó fi ara rẹ̀ wé ẹni tí ó ní ọgbà, tí koríko ti bò. Ẹni náà kò ní fa gbogbo koríko ọgbà tu lẹ́ẹ̀kan. Yóò mú ebè kan, yóò ro ó tán, kí ó tó bọ́ sí èkejì. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ̀kọ́ yìí kò ṣàjèjì sí yín. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà.

Ó ń pa àmì rẹ́, ó ń fi òmíràn síbẹ̀, títí ìwé náà fi bẹ̀rẹ̀ sí lu. Ó wá ra ìwé kékeré tí a fi eyín erin pẹlẹbẹ ṣe. Ó fi tàdáwà pupa fa ìlà sí i, èyí tí kì í parẹ́. Pẹ́ńsù ni ó fi ń sàmì, kànìnkànìn tútù ni ó sì fi ń nù ún nù.

6. Ètò ọjọ́ kan

Nínú ìwà 13 yìí, ẹ̀kẹta ni ètò. Ohun tí ó túmọ̀ sí fún un ni pé kí ohun gbogbo ní àyè tirẹ̀, kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní àkókò tirẹ̀. Nítorí náà ó pín wákàtí 24 inú ọjọ́ báyìí:

Agogo 5 sí 8 òwúrọ̀: kí ó jí, kí ó wẹ̀, kí ó gbàdúrà, kí ó ṣètò iṣẹ́ ọjọ́ náà, kí ó kàwé, kí ó jẹun.
Agogo 8 sí 12: iṣẹ́.
Agogo 12 sí 2 ọ̀sán: kí ó kàwé tàbí kí ó wo ìwé ìṣirò owó rẹ̀, kí ó sì jẹun.
Agogo 2 sí 6 ìrọ̀lẹ́: iṣẹ́.
Agogo 6 sí 10 alẹ́: kí ó dá ohun gbogbo padà sí àyè rẹ̀, kí ó jẹun, orin, eré tàbí ìtàkùrọ̀sọ, kí ó sì yẹ ọjọ́ náà wò.
Agogo 10 alẹ́ sí 5 òwúrọ̀: oorun.

Ní òwúrọ̀ ó máa ń bi ara rẹ̀ pé ohun rere wo ni òun yóò ṣe lónìí. Ní alẹ́ ó máa ń bi ara rẹ̀ pé ohun rere wo ni òun ti ṣe.

Ẹ tún ètò yìí kà. Wákàtí mẹ́jọ ni ó yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́. Oúnjẹ ní àkókò, orin ní àkókò, oorun ní àkókò. Ètò tí kò fi ìsinmi sí i kì í pẹ́ tí í fi bàjẹ́.

7. Àáké tí ó ní àmì dúdú

Ǹjẹ́ Benjamin ṣe àṣeyọrí? Òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ètò ni ó le fún òun jù nínú gbogbo rẹ̀. Ó rí i pé ọmọ iṣẹ́ lè pín àkókò rẹ̀ bí ó ti wù ú, ṣùgbọ́n ọ̀gá gbọ́dọ̀ dá oníbàárà lóhùn nígbà tí oníbàárà bá dé. Ìwé rẹ̀ sì máa ń fọ́n káàkiri. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jáwọ́.

Ó wá sọ ìtàn ọkùnrin kan tí ó ra àáké lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ. Ọkùnrin náà fẹ́ kí gbogbo ara àáké náà máa dán bí ẹnu rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ gbà láti pọ́n ọn, bí oníbàárà bá lè máa yí òkúta ìpọ́nrin fún un. Ọkùnrin náà yí i, yí i, ó rẹ̀ ẹ́. Ó wò ó, àmì dúdú ṣì wà lára rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ní kí ó máa yí i, pé yóò dán. Ọkùnrin náà kọ̀, ó ní àáké tí ó ní àmì dúdú gan-an ni òun fẹ́ràn jù.

Benjamin mọ̀ pé òun fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ọkùnrin yìí. Ṣùgbọ́n ó tẹ̀ síwájú. Nígbà tí ó di arúgbó, ó sọ pé òun kò dé ibi tí òun ń lọ, ṣùgbọ́n ìgbìyànjú náà mú òun sàn ju bí òun ìbá ti rí lọ. Ẹni tí ó ń kọ́ ìwé kíkọ náà ń wo ìwé tí ọ̀gá kọ. Ọwọ́ rẹ̀ lè má gún bí ti ọ̀gá, ṣùgbọ́n yóò dára ju ti àná lọ.

Ní ọdún 1748, nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 42, ó fi ilé ìtẹ̀wé sílẹ̀ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti máa bójú tó, ó sì ń pín nínú èrè. Àkókò di tirẹ̀. Ó ṣe ìwádìí nípa mànàmáná, ó sì ṣe ọ̀pá irin tí a ń gbé sórí ilé kí àrá má baà ba ilé jẹ́. Ní ọdún 1753 wọ́n fi òun àti ẹnì kan ṣe olórí iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ní ilẹ̀ náà. Ó ṣètò pé kí àwọn tí ń gbé lẹ́tà láàrin Philadelphia àti New York máa rìn ní òru pẹ̀lú.

8. Ìwé tí a fi ìlà pín sí méjì

Ní ọdún 1772, Benjamin wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Joseph Priestley, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí ó tún jẹ́ oníwàásù, wà nínú ìdààmú. Ìjòyè ọlọ́rọ̀ kan fẹ́ kí ó fi ìjọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó wá máa tọ́jú ìwé ní ilé òun. Kò mọ̀ bóyá kí òun lọ tàbí kí òun dúró. Benjamin kò sọ fún un pé kí ó lọ, kò sì sọ pé kí ó dúró. Ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ ń gbà pinnu ni ó kọ ránṣẹ́ sí i.

Ọ̀nà náà nìyí. Fi ìlà pín ojú ìwé kan sí méjì. Ní apá kan, kọ ìdí tí ó fi yẹ kí o ṣe nǹkan náà. Ní apá kejì, kọ ìdí tí kò fi yẹ. Má ṣe yára. Fi ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọ ọ́, nítorí gbogbo ìdí kì í wá sí ọkàn lọ́jọ́ kan. Lẹ́yìn náà, wọn ìdí kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan ní apá yìí bá wúwo bí ọ̀kan ní apá ọ̀hún, fa ìlà pa méjèèjì. Bí ọ̀kan bá wúwo bí méjì, fa ìlà pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Apá tí ó bá kù ni kí o tẹ̀ lé. Tún fi ọjọ́ kan tàbí méjì wò ó, kí o tó dáwọ́ lé e.

Ẹ jẹ́ kí á fi àgbàdo ṣe àpẹẹrẹ. A ti kórè. Ṣé kí á tà á báyìí, àbí kí á fi í pamọ́ di ọ̀gbẹlẹ̀? Ìdí tí ó fi yẹ kí á tà á: owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ti tó san, kòkòrò lè jẹ ẹ́ nínú àká, a sì jẹ gbèsè. Ìdí tí ó fi yẹ kí á fi í pamọ́: iye rẹ̀ yóò gbówó lórí, ará ilé yóò sì rí i jẹ. Ó ṣeé ṣe kí á rí i pé kòkòrò wúwo bí owó tí yóò lé, kí á fa ìlà pa méjèèjì. Ó ṣeé ṣe kí gbèsè wúwo bí oúnjẹ ilé, kí á fa ìlà pa wọn. Ó ku owó ilé ẹ̀kọ́. Ó hàn nígbà náà pé kí á ta ìwọ̀n tí yóò tó san án. Ní ilé ẹlòmíràn, ìwọ̀n náà lè má rí bákan náà. Ẹni tí ó ni àgbàdo ni ó ni òṣùwọ̀n.

9. Ohun tí kò sí nínú àtẹ

Ẹ̀yin ará, a kò ní fi ohun kan pamọ́ fún yín. Òdodo wà nínú ìwà 13 tí Benjamin kọ. Ó túmọ̀ sí pé kí ènìyàn má ṣe ẹnikẹ́ni níbi. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹrú wà nínú ilé rẹ̀, àwọn ènìyàn dúdú bíi tiwa. Ìwé ìròyìn rẹ̀ gba owó lọ́wọ́ àwọn tí ń polówó ẹrú tí wọ́n fẹ́ tà, àti lọ́wọ́ àwọn tí ń wá ẹrú tí ó sá lọ. Ọkùnrin tí òun fúnra rẹ̀ sá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ní ọmọ ọdún 17!

Nígbà tí ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1757, òun àti William ọmọ rẹ̀ mú ẹrú méjì dání, Peter àti King. King sá lọ. Wọ́n wá rí i ní ọ̀dọ̀ obìnrin kan ní ìgbèríko. Obìnrin náà ti fi í sí ilé ẹ̀kọ́, ó ti mọ ìwé kà, ó ti mọ̀ ọ́n kọ, ó sì ń fi ohun èlò orin kọrin. Wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ojú Benjamin ń là díẹ̀díẹ̀. Ó wà lára àwọn tí ó mú kí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ dúdú sílẹ̀ ní Philadelphia ní ọdún 1758. Ní ọdún 1763 ó lọ wo àwọn ọmọ náà. Ó rí i pé wọ́n ń gbọ́ ẹ̀kọ́ bí àwọn ọmọ òyìnbó gan-an. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé èrò òun nípa wọn ti yí padà. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó fi ọwọ́ ṣe ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ní ọdún 1787, nígbà tí ó ti lé ní 80 ọdún, ó gbà láti jẹ́ olórí ẹgbẹ́ tí ń jà fún ìdásílẹ̀ àwọn ẹrú. Ní oṣù kejì ọdún 1790, ó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà pé kí wọ́n fòpin sí oko ẹrú. Àwọn aṣòfin kò gbà. Ìwé náà wà lára iṣẹ́ ìlú tí ó ṣe gbẹ̀yìn.

Ohun mìíràn tún wà. Ní ọdún 1764 ó tún lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fún iṣẹ́ ìlú. Deborah ń bẹ̀rù òkun, kò bá a lọ. Ọdún 10 kọjá, Benjamin kò padà. Ní oṣù kejìlá ọdún 1774, Deborah kú láìtún fojú kan ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin tí ó mọ bí a ti ń pín wákàtí 24 kò rí àyè fún aya rẹ̀ nínú ọdún 10.

Ẹ fi èyí sọ́kàn. Àtẹ kì í sọ ohun tí a kò kọ sí i. Kí á tó pín àkókò, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ bi ara wa léèrè àwọn ẹni tí kò yẹ kí á gbàgbé.

10. Ìparí ayé rẹ̀

Ní ọdún 1776, Benjamin wà lára àwọn tí ó fọwọ́ sí ìwé òmìnira Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn náà ó lọ sí ilẹ̀ Faransé láti wá ìrànlọ́wọ́, ilẹ̀ Faransé sì bá wọn dá májẹ̀mú ní ọdún 1778. Itòsí Páríìsì ni ó wà ní ọdún 1784, ní ọmọ ọdún 78, nígbà tí ó kọ ìtàn ìwé pélébé rẹ̀. Èdè Faransé ni wọ́n kọ́kọ́ fi tẹ apá kan nínú ìtàn ayé rẹ̀ ní Páríìsì, ní ọdún 1791.

Ó kú ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 1790, ní ọmọ ọdún 84. Nínú ìwé ogún rẹ̀, ó fi 1,000 pọ́n-ùn sílẹ̀ fún Boston, ó sì fi 1,000 sílẹ̀ fún Philadelphia. Ó ní kí wọ́n máa yá àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọwọ́ lówó nínú rẹ̀, kí wọ́n máa san án padà pẹ̀lú èlé, fún 200 ọdún. Nígbà tí ọdún 200 pé ní 1990, owó àwọn ìlú méjèèjì lápapọ̀ ti lé ní mílíọ̀nù 6 dọ́là. Owó tí a yá lò tí a sì dá padà a máa pọ̀ sí i, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti mọ̀ nínú ẹgbẹ́ àjọ yín.

Ẹ jẹ́ kí á gbìyànjú rẹ̀

Ẹ mú ìwé àjákọ yín ní alẹ́ òní.
Ẹ kọ gbogbo iṣẹ́ tí ó ń dúró dè yín lọ́la.
Ẹ fi 1 sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀, ẹ fi 2 sí èyí tí ó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.
Ẹ kọ àkókò sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ mẹ́ta àkọ́kọ́.
Ní alẹ́ ọ̀la, ẹ fi àmì sí èyí tí kò ṣeé ṣe. Ẹ má ṣe bínú sí ara yín. Ẹ bi ara yín ohun tí ó dí i lọ́wọ́.

Ìbéèrè fún kíláàsì

1. Ọdún mélòó ni Benjamin lò ní ilé ẹ̀kọ́? Báwo ni ó ṣe mọ ìṣirò?
2. Kí ni ìdí tí ó fi ń mú ìwà kan ní ọ̀sẹ̀ kan?
3. Kí ni ìtàn àáké kọ́ wa?
4. Fi ìlà pín ojú ìwé kan sí méjì. Mú ọ̀rọ̀ kan tí ó ń dà ọ́ láàmú, kí o sì wọ̀n ọ́n.
5. Ta ni o máa ń gbàgbé nígbà tí o bá ń ṣètò ọjọ́ rẹ?